Èédú Tí Bàbá Dà Síná

Mi ò tíì dé Wales rí. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí ẹni tó bá gbọ́ bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nípa ibẹ̀ á rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Ojú irin kan wà níbẹ̀ tó ń ti orí òkè bọ̀, láti ibi tí wọ́n ti ń gé òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé, títí dé èbúté létí òkun. Àyè tó wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mìlímítà 597. Kì í ṣe 600 o, 597 ni. Ti Nàìjíríà tí mo bá nílé jẹ́ 1067, ti Jámánì tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ jẹ́ 1435. Tí èèyàn bá dúró sáàárín irin ti Wales yẹn tó ya ẹsẹ̀ díẹ̀, bàtà rẹ̀ á kan irin lọ́tùn-ún, á kan irin lósì. Orí nǹkan tóóró bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ eléèéfín ti ń fa èrò gun òkè. Wọ́n pa ọ̀nà náà tì nígbà kan, igbó bò ó, igi hù láàárín rẹ̀, kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ tó fi ọwọ́ ara wọn ṣán igbó náà, tí wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́.

Kò sí ilé ìwé tí mo ti kọ́ ọ. Ní Veddel, àdúgbò kan ní Hamburg, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń wa Stapler, ọkọ̀ kékeré tó ń fi ìka irin méjì gbé ẹrù láti inú tírélà sínú ilé ìkẹ́rùsí. Tí mo bá padà sílé ní Harburg, ní ìlú kan náà, tí mo wẹ̀, tí mo jẹun tán, ìwé ọkọ̀ ni mo máa ń ṣí. Mo mọ iye táyà irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà yẹn. Mo mọ èyí tí wọ́n pààrọ̀ bọ́ílà rẹ̀, ìyẹn àgbá tó ń se omi di ooru. Ìyàwó mi a máa sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pé, "Èmi fẹ́ ọkọ, ọkọ mi lọ fẹ́ ọkọ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé mi ò rí ẹnì kan bá sọ ọ́. Àwọn tí mo lè bá sọ ọ̀rọ̀ náà, Jámánì ni wọ́n ń sọ. Àwọn tí mo lè bá sọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo pàdé Bàbá. Nínú igbó ìgbafẹ́ kan ní ìlà oòrùn Berlin, ojú irin kékeré kan wà, 600 ni tirẹ̀, ó sì ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ eléèéfín jáde. Mo ti Hamburg lọ. Ọkọ̀ náà dúró, ó ń tu ooru lábẹ́ bí ẹni tó sáré dé, àwọn òyìnbó ń ya fọ́tò. Mo bá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi ní èdè wa, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ó ń mí. Ẹ wò ó, ó ń mí bí aboyún tó gun àtẹ̀gùn."

Mo yíjú padà. Bàbá kan ni, wọ́n wọ kóòtù gígùn, wọ́n di ọwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá tó wá yẹ iṣẹ́ wò. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Ẹ káàsán, sà."

"Háà! Ọmọ wa! Kí lò ń wá láàárín àwọn onírùngbọ̀n yìí?"

"Ọkọ̀ ni mo wá wò, sà."

"O mọ ọkọ̀?"

"Mò ń gbìyànjú, sà."

"Ó dáa. Ohun tó rí bí igbá tí wọ́n dojú dé lẹ́yìn páìpù èéfín rẹ̀ yẹn, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?"

Mo ní ibẹ̀ ni ooru máa ń kó jọ sí lókè, kí omi má bàa bá a wọ inú ẹ̀rọ, torí tí omi bá wọ ibẹ̀, irin á fọ́.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwé lo ti kà á. Èmi, ó ti bó mi lápá rí!"

Bí a ṣe di ara wa nìyẹn. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n kàwé ní Liverpool, ní ìgbà ooru kan, ọ̀rẹ́ wọn kan ní kí àwọn lọ sí Wales lọ ran àwọn tó ń tún ojú irin ṣe lọ́wọ́. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì làwọn fẹ́ lò, àmọ́ ìgbà tí ilé ìwé wọlé ni wọ́n tó kúrò. Aṣọ ìnulẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kó lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa nu ọ̀rá kúrò lára ọkọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fún wọn ní ṣọ́bìrì. Ìyẹn ti lé ní ogójì ọdún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sí Berlin, wọ́n ṣiṣẹ́ ní ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Wedding, àdúgbò kan ní Berlin.

Gbogbo Sátidé ni mo máa ń pè wọ́n. Tí n kò bá pè, wọ́n á fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Akọ̀wé, ṣé o kú ni?" Wọ́n sọ fún mi pé wọn kì í da èédú jọ sójú kan bí ẹni da pàǹtírí nù, pé igun ààrò lẹ́yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, kí wọ́n tó bọ́ sí iwájú, torí ibi tí iná bá ti lu ihò, ibẹ̀ ni atẹ́gùn tútù ń gbà wọlé. Wọ́n sọ nípa ihò inú òkè tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, pé ihò náà há mọ́ ọkọ̀ débi pé èéfín ò rí ọ̀nà lọ, ẹni tó bá wà lórí ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi àkísà tútù bo imú. Wọ́n sọ nípa àgùntàn tó máa ń sùn sójú irin torí pé ó lọ́wọ́ọ́rọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

A tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn nǹkan náà lórúkọ ní èdè wa. Ọkọ̀ kan wà ní Wales tó ní orí níwájú, tó ní orí lẹ́yìn, bọ́ílà méjì pẹ̀lú awakọ̀ láàárín. Bàbá sọ ọ́ ní Abara-méjì. Ohun tó máa ń tú ooru dànù kí bọ́ílà má bàa fọ́, èmi ni mo sọ ọ́ ní Gbà-mí-kí-n-má-bẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Mo gbọ́ ohùn ọmọ wọn lẹ́yìn, tó ń sọ ní èdè Jámánì pé kí wọ́n mumi.

Èmi ni mo pè wọ́n wá sí Hamburg. Ẹgbẹ́ kan wà tí mo wà nínú rẹ̀, àwa tí a fẹ́ràn ọkọ̀ tóóró ti Wales, a ò ju méjìlá lọ, èmi nìkan ni adúláwọ̀ ibẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lóṣù, a máa ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé kọfí kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Harburg. Mo ti ń yangàn tipẹ́ pé mo mọ ẹnì kan tó ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bàbá wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, wọ́n so táì, bàtà wọn ń dán. Nígbà tí mo lọ pàdé wọn ní Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Hamburg, wọ́n bi mí pé, "Ṣé mo ṣe é?" Mo ní, "Ẹ ṣe é, sà, bí ọkọ ìyàwó."

Wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa. Jámánì wọn mọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ ju ṣọ́bìrì tí kò sí níbẹ̀, àwọn èèyàn ń tẹ́tí. Wọ́n wá dé ibi èédú. Wọ́n ní láti àárọ̀ tí àwọn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í da èédú, ó di ìrọ̀lẹ́, apá á kọ̀ láti gbé ṣíbí oúnjẹ.

Níbi tí mo jókòó sí, ara mi ò lélẹ̀. Mo mọ ọdún tí wọ́n ń sọ. Mo mọ̀ pé ní ọdún yẹn, epo ni wọ́n ń sun lórí ọ̀nà yẹn, kì í ṣe èédú, torí pé ẹ̀ta èédú ń ti iná bọ igbó. Mo ti kà á nínú ìwé mẹ́ta. Ọkùnrin kan tó jókòó lódìkejì mi náà mọ̀ ọ́n, mo rí i tó gbé ojú sókè. Ẹ̀rù bà mí kí ó má baà jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́, kí àlejò mi má baà dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan. Ìyẹn ni mo sọ fún ara mi. Àmọ́ kí n má purọ́, ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé mo mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Das stimmt nicht."

Lẹ́nu àwọn Jámánì, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní egungun nínú. Kò ju pé nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ á sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ, bàbá á ní ká wò ó nínú ìwé. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ̀ẹ̀mẹwàá là ń sọ ọ́ kí kọfí tó tutù.

Etí Bàbá kì í gbọ́ nǹkan dáadáa mọ́. Wọ́n kọjú sí mi. "Kí lo wí?"

Mo yí i sí Yorùbá fún wọn. Mo ní, "Mo ní irọ́ ni, sà. Epo ni."

Ó ti bọ́. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá, ọ̀nà ogún ló mọ̀ tó lè gbà: bóyá ó ti pẹ́, sà, ẹ dákun, sà, mo rò pé mo kà á níbì kan. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ni mo ti ń sọ Yorùbá jù, èmi àti àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ mi níbẹ̀, a máa ń jiyàn bọ́ọ̀lù, "irọ́ ni!" ni a sì ń jù síra wa bí ẹni ju ẹ̀pà. Nínú èdè wa, ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ àti ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi tan ẹlòmíì, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ lójú àgbà, ó ti pè é ní òpùrọ́, ì báà tilẹ̀ fi "sà" ọgọ́rùn-ún lé e.

Nínú yàrá yẹn, àwa méjì péré ló gbọ́ ọ. Bàbá wò mí. Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n wá yíjú sí àwọn tó kù, wọ́n fi Jámánì sọ pé, "Akọ̀wé wa ti sọ̀rọ̀. Ẹ bi í." Wọ́n jókòó, wọ́n mumi. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Nínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, tí mo fi sìn wọ́n padà, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ kí a tó kọjá odò Elbe.

"Ẹ má bínú, sà. Ọ̀rọ̀ ló yọ̀ lẹ́nu mi."

"Ta ló ń bínú? Ṣé èèyàn máa ń bínú sí ìwé ni?"

"Bàbá, ẹ dákun."

"Ibo lo ní o ti ń ṣiṣẹ́? Ṣé ibí yìí náà ni Veddel?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Iṣẹ́ dára."

Bàbá kò kọ̀ láti gbé fóònù mi. Kí wọ́n kọ̀ ọ́ ni ì bá rọrùn fún mi jù. Wọ́n ń gbé e, wọ́n ń béèrè ìyàwó mi, wọ́n ń ṣàdúrà fún iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti sún ọ̀rọ̀ mọ́ ojú irin, tí mo bèèrè bóyá omi odò ni wọ́n ń rọ sínú ọkọ̀ tàbí irú mìíràn, ohùn wọn á rọ̀, wọ́n á ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Láìbínú ni wọ́n ń sọ ọ́. Sátidé yìí, Sátidé tó ń bọ̀. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, akọ̀wé." Ìwé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ dúró sójú kan.

Èmi wá ronú bí ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rí ṣe ń ronú. Mo ní bí ọ̀rọ̀ bá lè dájú, ìbínú á tán. Mo kọ ìwé sí àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà yẹn ní Wales, mo bèèrè pé ní ìgbà ooru ọdún báyìí báyìí, èédú ni àbí epo? Oṣù kan kọjá, èkejì kọjá. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Bàbá arúgbó kan níbẹ̀ ló kọ ọ́, ẹni tó ti wà níbẹ̀ nígbà náà. Ó ní epo ni lóòótọ́, lórí gbogbo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kékeré kan wà tí wọ́n fi èédú dán wò ní ìgbà ooru yẹn, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n tó dá epo padà sínú rẹ̀. Ó ní ìwé kankan kò kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé ìdánwò náà kò yọrí. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń fi sórí ọkọ̀ náà, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ń pani lápá.

Mo ka ìlà yẹn nígbà mẹ́rin. Mo pariwo. Ìyàwó mi sáré wọlé pé kí ló dé, mo ní, "Òótọ́ ni Bàbá sọ!" Ó ní, "Ṣé o fẹ́ fi hàn wọ́n ni?" Mo ní kí ló dé tí mi ò ní fi hàn wọ́n? Ó padà sí ilé ìdáná.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo gba Berlin lọ. Wọ́n ti ọ̀nà tààrà pa fún àtúnṣe, ọkọ̀ gba Uelzen, ó gba Stendal, mo sì dúpẹ́ fún àyè náà, torí pé mo ń tú lẹ́tà náà sí Yorùbá lórí bébà kan, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí n má bàa tún ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ọmọ Bàbá ló ṣílẹ̀kùn. Ó rọra sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, pé wọn ò fẹ́ kí òun sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá jókòó sídìí fèrèsé, ọrùn wọn ti tín-ín-rín nínú kọ́là. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Láti ilẹ̀ yẹn ni mo ti ka lẹ́tà náà tán. Mo ní, "Ẹ rí i báyìí, sà? Òótọ́ lẹ sọ! Òótọ́ pọ́nńbélé!"

Wọ́n wo bébà tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ta lo kọ̀wé sí?"

"Àwọn ará Wales, sà."

"Pé kí ni?"

"Pé… pé èédú ni àbí epo, sà."

"O dárúkọ mi?"

"Rárá o, sà. Ọdún nìkan ni mo sọ."

"Dìde ńlẹ̀."

Mo dìde. Wọ́n gba lẹ́tà náà, wọ́n wò ó níwájú, wọ́n wò ó lẹ́yìn, wọn kò kà á.

"Ìyẹn ni pé o lọ wádìí mi."

"Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀…"

"Báwo wá ni? Títí lẹ́tà òyìnbó yìí fi dé, òpùrọ́ ni mí lọ́wọ́ rẹ. Òyìnbó ló wá sọ mí di olóòótọ́. Tí bàbá yẹn bá ti kú ńkọ́? Tí kò bá rántí ńkọ́?"

Mo ti gbé ohun tí mo rò pé ó jẹ́ ẹ̀bẹ̀ wá, ẹ̀sùn kan náà ni mo tún gbé wá, mo kàn fi sítáǹbù lé e lórí.

Wọ́n dá lẹ́tà náà padà fún mi. Wọ́n pe ọmọ wọn pé kó bu oúnjẹ fún mi, wọ́n ní ebi á ti pa ẹni tó gba Stendal wá. Mo jẹ ìrẹsì náà. Wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun, ojú wọn kò le. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, wọ́n fi ọwọ́ kan orí mi. Wọ́n ní, "Mi ò bínú sí ọ. Ó kàn ti tán nínú mi ni. Tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ báyìí, mo ń rí ìwọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo tún lọ lẹ́ẹ̀mẹta. A sọ ti ojú ọjọ́, a sọ ti owó ilé tó ń wọ́n sí i, a sọ ti ilé wọn ní Abẹ́òkúta tí àwọn ayálégbé ti bà jẹ́. Bàbá kú ní ìgbà òtútù, ní ilé ìwòsàn. Títí di òní, mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa ń mọ̀ nínú òkùnkùn ihò inú òkè ti Wales yẹn pé ó tó àkókò láti dìde dúró. Mo ti fẹ́ bèèrè rẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìpàdé Harburg. Kò sí nínú ìwé kankan. Mo ti wá a.

Ọmọ wọn ló pè mí. Ó ń sunkún, ó ń da Jámánì mọ́ Yorùbá. "Ẹ̀gbọ́n, bitte, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ti ọkọ̀ yẹn sínú ìwé ìsìnkú. Mi ò mọ̀ ọ́n kọ. Èmi kì í tẹ́tí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́."

Mo jókòó ti bébà. Mo lè kọ orúkọ ọkọ̀ náà, ó wà nínú lẹ́tà. Mo lè kọ ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò èédú náà gbà. Mo kọ ọ́, mo sì fà á ya. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí i kò ju èyí lọ: "Ní ìgbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n da èédú síná ọkọ̀ ojú irin ní Wales, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́." Ó bi mí bóyá kí òun fi "a gbọ́ pé" síwájú rẹ̀, torí pé òun rí i nínú ìwé ìsìnkú àwọn ẹlòmíì. Mo ní rárá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Berlin, wọ́n pín ìwé náà fún wa lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti wá àwòrán kan sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ eléèéfín ilẹ̀ Jámánì ni, irú èyí tó máa ń fa ẹrù èédú, táyà ńlá mẹ́wàá lábẹ́, lórí irin 1435. Kò dé Wales rí. Ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ funfun, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gbé ìwé náà jìnnà sójú kó lè rí i dáadáa, ó sì fi ìgúnpá kàn mí.

"Ọmọ mi, wọ́n ní o mọ̀ nípa ọkọ̀. Ṣé èyí tí bàbá wa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Háà! Ó mà tóbi o."

"Ó tóbi gan-an, mà," ni mo wí, wọ́n sì ní kí a dìde fún orin.